Páálí Kaki Tí Manmaya Bá Mi Gbé

Àdúgbò Kamisawa,
Ìlú Kuzuhara,
Yamanashi.
Ọjọ́ Kẹwàá, oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Hatsue, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ará etí òkun. Ṣé ọkọ rẹ ti ń fi ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ yẹn tẹlẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ológbò yín tó ń jalè ńkọ́? Ẹja gbígbẹ tí o fi ránṣẹ́ dé láyọ̀, a sì ti jẹ ẹ́ tán. Ara tiwa náà le, ọpẹ́ ló yẹ. Bí o bá ń rò ó pé kí ló dé tí n kò tíì dúpẹ́ láti oṣù Kejìlá, ojú ló ń tì mí. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti mú gègé báyìí, gbogbo rẹ̀ ni màá kà sílẹ̀, torí n kò fi nǹkan pamọ́ fún ọ rí láti ìgbà tí a ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ẹ̀kọ́.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni mo ti ń kọ́ àwọn àlejò tó ń ṣiṣẹ́ nílùú wa ní èdè Japan ní gbọ̀ngàn ìlú, ní àràárọ̀ Sátidé. Obìnrin ará Nepal kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Manmaya. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di oúnjẹ ọ̀sán sí páálí ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Doma, ọmọ ọdún méjì, tó máa ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀ bí a bá ń kàwé. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí, Hatsue. Ó mọ ìbéèrè í bi jù. Bí mo bá ní báyìí la ṣe ń sọ ọ́, á ní, "Tíṣà, kí ló dé?" Bí n kò bá rí èsì, òun ni yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù Kọkànlá, ó wá bá mi bó èso kaki. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ. A so wọ́n kọ́ sábẹ́ òrùlé, nígbà tó sì di àárín oṣù Kejìlá, wọ́n ti gbẹ, ṣúgà inú wọn ti hu funfun sí wọn lára. Mo ṣa èyí tó dára jù sínú páálí kan, mo lẹ ìwé seibo mọ́ ọn lórí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe sí ẹ̀bùn ìparí ọdún fún ẹni tó ti ṣe wá lóore. Ó bi mí pé ta ló ni ín. Mo ní Ọ̀gbẹ́ni Nakagome ni. Ó bi mí pé oore wo ló ṣe mí láàárín ọdún. Mo ní kó máa so okùn rẹ̀.

Kò ṣe mí lóore kankan. Láti ọgbọ̀n ọdún tí a ti jọ ń gbé ìlú yìí, n kò gbé nǹkan kan dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n òun ló ń pín àyè jẹ́lé-ó-sinmi ní ọ́fíìsì ìlú, Chizuru ọmọ mi sì ń wá àyè fún Itsuki ọmọ rẹ̀. Chizuru tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta péré lọ́sẹ̀, tí kò yẹ kó ṣáájú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Inú fọ́ọ̀mù ló kọ ọ́ sí pé ẹ̀yìn ń dun ìyá òun, kò lè tọ́jú ọmọ. Èmi tí mò ń gun àkàbà lọ já kaki. Mo rí i kà, mo sì dákẹ́.

Yìnyín ń bọ́ lọ́jọ́ náà, ni Manmaya bá ní kí n má gbé ẹrù rìn. Ó gbé páálí náà sínú apẹ̀rẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń tì í, Doma wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí Nakagome ṣílẹ̀kùn, ó wo páálí, ó wò mí, ó ní, "Hà, Màmá Amemiya, ẹ ò ṣe irú èyí rí o." Mo ní nǹkan kékeré tí kò tó nǹkan ni, pé orúkọ ọmọ-ọmọ mi náà sì wà lára àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan o. Àmọ́ ó gbà á. Manmaya dúró ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó tẹríba bí mo ṣe kọ́ ọ.

Ní oṣù Kejì, èsì dé. Itsuki wọlé. Manmaya, tí òun náà ti ń wá àyè fún Doma, gbé lẹ́tà tirẹ̀ wá bá mi torí àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá inú rẹ̀ le fún un. Ẹnu mi yìí ni mo fi kà á fún un pé kò sí àyè fún Doma, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ló ṣáájú nínú àwọn tó ń dúró. Ó ní, "Ẹni àkọ́kọ́? Ó dára nìyẹn, àbí?" Mo ní kò dára. Tí ẹnì kan bá jáde nìkan ló fi lè wọlé. Ó ká lẹ́tà náà dáadáa, ó ní ilé iṣẹ́ kò ní fún òun ní ìsinmi ìtọ́jú ọmọ mọ́ lẹ́yìn oṣù Kẹta, nítorí náà Doma á lọ bá ìyá àgbà rẹ̀ ní Nepal. Ó lè tó ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó tún ríra. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni ọkọ̀ òfuurufú wọn. Ó wá sí mi lẹ́nu láti sọ pé kó máa gbé ọmọ náà wá sọ́dọ̀ mi. Mo rántí ẹ̀yìn mi tó ń dùn nínú fọ́ọ̀mù, mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, a ń ka ìwé ìròyìn ní kíláàsì, a bá kan ọ̀rọ̀ kan: wairo. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó. Mo ní ohun tí à ń fún ẹni tó wà nípò ni, kó lè ṣe tiwa kó tó ṣe ti ẹlòmíì. Mo ní a máa ń fún ènìyàn ní wairo, ènìyàn sì máa ń gba wairo. Ẹnì kan bi mí bóyá owó nìkan ni. Ẹnu mi tí kì í dákẹ́, mo ní rárá, oúnjẹ náà lè jẹ́ wairo. Mo wá ní kí kálukú fi ṣe gbólóhùn kan.

Èyí ni Manmaya kọ: "Ní oṣù Kejìlá, mo bá Tíṣà wa gbé wairo lọ sílé Ọ̀gbẹ́ni Nakagome."

Hatsue, kò sí ìbínú lójú rẹ̀. Ó ń wò mí bó ṣe máa ń wò mí nígbà gbogbo, ó ń retí kí n fi gègé pupa yí òbìrìkìtì sí i pé ó tọ̀nà. Mo fa ìlà pupa kọjá lórí wairo, mo kọ seibo sókè rẹ̀. Mo ní ó ṣì í lò. Mo ní kó kọ àtúnṣe náà nígbà mẹ́ta, bí mo ṣe máa ń ní kí gbogbo wọn ṣe. Ó sì kọ ọ́ nígbà mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ rẹwà.

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu mi. Mo ti jẹ̀bi, mo mọ̀ ọ́n. Mo sọ fún Chizuru pé mo fẹ́ kọ̀wé sí olórí ìlú. Ó ní, "Màmá, nítorí kaki?" Nígbà tó rí i pé n kò ṣeré, ó ní bí mo bá dán an wò, n kò ní rí Itsuki sójú mọ́. Bóyá òótọ́ ló ń sọ. Ọmọ náà ti ń pe orúkọ mi báyìí, Hatsue, ó sì ń dùn mí.

Láàárọ̀ àná, mo gba ìwé àjákọ Manmaya, mo fa ìlà pupa mi yẹn rẹ́, mo yí òbìrìkìtì sí gbólóhùn rẹ̀. Mo sọ fún un pé tirẹ̀ ló tọ̀nà, èmi ni mo purọ́, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Mo rò pé á bú mi. Ó ní, "Tíṣà, ṣé èmi náà ni mo gbé e?" Mo ní kò mọ ohun tó gbé. Ó ní, "Àmọ́ kẹ̀kẹ́ mi ni." Ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó lọ sílé. Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n jókòó.

Mo ti fi lẹ́tà olórí ìlú sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ tìrẹ, kí n má bàa yí ọkàn padà. Kò gùn. Mo kọ gbólóhùn Manmaya sínú rẹ̀, mo yọ òun kúrò níbẹ̀, mo fi orúkọ ara mi sí i. Mo fi kún un pé àyè Itsuki kì í ṣe tiwa, pé mo lè tọ́jú ọmọ-ọmọ mi fúnra mi bí ìyá rẹ̀ bá gbé e wá. N kò mọ̀ bóyá wọ́n á dáhùn kí ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n tó pé.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kó rọra máa rìn. Kí àwọn ọmọ fún mi. Bí inú bá ń bí ọ sí mi, kọ ọ́ wá, má fi pamọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ̀yìn kò dùn rí,
Tsuneko Amemiya.