Kọ́kọ́rọ́ Ìdí Sakakibara

                                        Ilé Kẹta Lẹ́bàá Odò,
                                        Abúlé Kitagawara.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà, 1994.

Genzo, ọ̀rẹ́ mi àtàárọ̀,

Ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Tamae aya rẹ ńkọ́, ṣé ó ti jẹ́ kí o fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n inú ilé rẹ? Ara tèmi le. Eyín mẹ́rin ló kù, ahọ́n sì pé.

Ahọ́n náà ló kó bá Fumiyo opó. O rántí oko ìrẹsì rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí omi ń dé gbẹ̀yìn. Sakakibara ló ṣì ń so kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn omi, èyí tó ń ṣí odò sí oko wa, mọ́ ìdí, torí pé baba ńlá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ogun olóyè tó ni ilẹ̀ wa láyé ọjọ́un. Ẹni tó bá fẹ́ omi gbọ́dọ̀ lọ tẹrí ba lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Òjò kò rọ̀, ìrẹsì Fumiyo ti ń rọ, mo bá sìn ín lọ sílé Sakakibara.

Sakakibara ní, "Fumiyo, ṣe sùúrù. Bí olóyè ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn: ilé àwa ọmọ ogun ló ń kọ́kọ́ gbomi."

Mo ní, "Kábíyèsí, olóyè yẹn ti kú láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ta ló fẹ́ fẹjọ́ yín sùn ún?"

Ojú rẹ̀ le. "Heisuke, ọmọ amọ̀kòkò! Ó di ọjọ́ mẹ́wàá sí i kí omi tó dé ìsàlẹ̀."

Ẹyin lọ̀rọ̀, tèmi ti bọ́ sínú oko olóko. Fumiyo yára ṣíwájú, ó fi mí sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ jókòó ti ilẹ̀kùn omi, mo ń ro bí n ó ṣe bẹ Sakakibara. Mo fọwọ́ kan àgádágodo rẹ̀, ó já sí mi lọ́wọ́. Ìpẹtà ti jẹ inú rẹ̀ tán! Genzo, kọ́kọ́rọ́ tí gbogbo wa ń tẹrí ba fún, kò ṣí nǹkan kan mọ́.

Mi ò pariwo. Mo di àgádágodo náà sínú aṣọ ìnujú, mo gbé e kalẹ̀ síwájú Sakakibara lórí ẹní. Ìyàwó rẹ̀ ló bú sẹ́rìn-ín láti ilé ìdáná: "Mo ní kí ẹ ra tuntun, ẹ ní kò sẹ́ni tó máa dán an wò láti fọwọ́ kàn án!"

Sakakibara bi mí pé, "Kí lo fẹ́?"

"Kí Fumiyo gbomi lónìí. Màá gbé àgádágodo padà síbi tó wà, ẹnu mi á sì pa dé."

Omi ti dé oko Fumiyo láti ìjẹta. Sakakibara ṣì ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí, àwọn èèyàn sì ń tẹrí ba. Ṣùgbọ́n bí èmi àti òun bá pàdé, òun ló ń kọ́kọ́ tẹrí ba. Ní àárọ̀ yìí, orí rẹ̀ kò wálẹ̀ tó lójú mi. Mo dúró, mo wúkọ́, títí ó fi fi kún un.

Fumiyo ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ó rí i. Ó ní, "Bàbá Heisuke, ṣé ẹ̀yin náà ti di ọmọ ogun olóyè ni?"

Genzo, eyín mẹ́rin tó kù ni mo fi di ahọ́n mi mú.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Sọ fún Tamae pé kó di tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ mú ṣinṣin.

Èmi ni tìrẹ títí eyín tó kù yóò fi ká,
Heisuke.