Wọn Kò La Ikùn Mi

Òpópónà Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì,
Aramọkọ-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, 1988.

Àjàní, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì kí Àbíkẹ́, ìyàwó wa. Ó yẹ kí n béèrè bóyá ara le, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé rọ́bà ìtọ̀ ṣì wà lára rẹ. Ohun tí mo ń tọrọ ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ ní ọjọ́ tí kò dùn ọ́ jù. Èmi ti dé láti Ìbàdàn lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ń tọ̀ fúnra mi, ó sì ń lọ geere. Má rẹ́rìn-ín, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn fún ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin.

Ní oṣù kọkànlá, nígbà tí dókítà ní kí o wá ṣe iṣẹ́ abẹ, èmi ni mo jókòó níwájú ilé rẹ ní Ìjerò tí mo sọ pé ikùn ni wọ́n máa ń là, àti pé àgbà tí wọ́n bá la ikùn rẹ̀ kì í padà wálé. O gbà mí gbọ́, o kọ iṣẹ́ abẹ náà, o gbé rọ́bà wálé. Àjàní, n kò mọ ẹnì kan tí wọ́n ṣe é fún rí nígbà yẹn. Etí lásán ni mo fi gbọ́ ọ. Èmi gan-an sì ti ń jí tọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ń fi pamọ́ fún gbogbo yín. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ní oṣù kìíní, tèmi náà dí pátápátá. Káyọ̀dé ọmọ mi gbé mi lọ sí ọsibítù ńlá kan ní Ìbàdàn. Dókítà Mákindé tó gbà mí kò ju ọmọ mi lọ. Ó ní kókó kan tó wà lọ́rùn àpò ìtọ̀ ọkùnrin ló wú, tó sì fún ọ̀nà pa. Ó ní àwọn kò ní la ikùn, pé ojú ọ̀nà ìtọ̀ náà ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ yóò gbà wọlé lọ fá kókó náà. Mo ní gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí, n kò lè jẹ́ kí wọ́n fi irinṣẹ́ tí n kò rí ṣiṣẹ́ lára mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ gbé e wá. Iná wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò ju hóró ata lọ. Wáyà róbótó kan tí iná mànàmáná ń gbà wà níbẹ̀, tí ń fá ẹran díẹ̀díẹ̀ bí omi ṣe ń ṣàn lórí rẹ̀, bí mo ṣe ń fi ìfági fá pákó. Mo béèrè pé ṣé iná mànàmáná inú omi kò ní pa mí. Ó ní omi tí àwọn ń lò kì í jẹ́ kí iná gba inú rẹ̀ kọjá. Mo rò ó títí, ó sì wọ̀ mí létí.

Mo tún béèrè iye arúgbó tó ti ṣe é fún, àti iye tó kú nínú wọn. Victoria ìyàwó mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, ṣùgbọ́n dókítà kò bínú. Ó ní lọ́dún tó kọjá, àwọn mẹ́tàlélógún tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni òun ṣe é fún, ẹnì kan kú, ọkàn rẹ̀ ló ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Ó ní kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ni àwọn ń wò. Àwọn ń wo ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti kídìnrín. Arúgbó tí wọn kò la ikùn rẹ̀ tètè ń dìde, ó ní, ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ abẹ tí kò léwu.

Abẹ́rẹ́ kan ni wọ́n gún mi lẹ́yìn. Láti ìbàdí sísàlẹ̀, bí ara ẹlòmíràn ló rí lójú mi. Ojú mi là, mo ń béèrè ọ̀rọ̀ títí nọ́ọ̀sì fi bẹ̀ mí pé kí n sinmi.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe nìyí. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ó dì, ó dí rọ́bà, wọ́n ń fi omi ṣan án, wọ́n sì fa ìgò ẹ̀jẹ̀ méjì sí mi lára. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé ó ti parí. Dókítà tún béèrè oògùn tí mò ń lò. Mo ní n kò lo nǹkan kan. Victoria ní, “Éépísì ńkọ́? Ṣebí ojoojúmọ́ lẹ í mu ún kí ẹ tó kúrò n'úlé.” Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń mu méjì láràárọ̀ kí ara tó ń ro mí lè fúyẹ́, n kò kà á sí oògùn, bí ènìyàn kì í ti í ka obì sí oúnjẹ. Dókítà ní asipirín tó wà nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá. Ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá ní kí n kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwọ náà ń mu ún láti ìgbà tí o ti ń wa mọ́tò akẹ́rù. Má fi í pamọ́ fún wọn, má sì fi àgbo tí ò ń mu nínú ìgò pamọ́.

Ní ọjọ́ keje, wọ́n yọ rọ́bà. Mo dúró, mo tọ̀, mo sì sunkún níbẹ̀.

Mo ti sọ̀rọ̀ rẹ fún dókítà náà. Ó ní kí o wá kí òun yẹ̀ ọ́ wò, kò ṣèlérí. Èmi náà kò ní ṣèlérí fún ọ, nítorí mo ti fi àìmọ̀ sọ̀rọ̀ fún ọ rí. Ṣùgbọ́n bí rọ́bà yẹn bá dá àìsàn mìíràn sílẹ̀ tó sì pa ọ́, èmi ni mo pa ọ́. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, n óò wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ pẹ̀lú mọ́tò Káyọ̀dé.

Kí Ọlọ́run fi ọwọ́ rẹ̀ tọ́ ọ. Kí ilé má ṣe dàrú mọ́ wa lórí. Kí a jọ gbó, kí a jọ tọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ṣì ọ́ lọ́nà,
Samuel Fọlọ́runṣọ́.

Mo tún rántí: Àbíkẹ́, mo mọ̀ pé ìwọ lò ń ka ìwé yìí fún un. Victoria sọ fún mi pé o ń pè é ní ojo láti oṣù kọkànlá, àti pé kò sọ ìdí tó fi kọ iṣẹ́ abẹ náà fún ọ rí. Kì í ṣe ojo. Orúkọ mi ló ń bò.