Gíláàsì Ara Ògiri

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ ìyá àgbà ṣì ń wú, ṣùgbọ́n ó ń jẹun. Àbúrò rẹ ti ríṣẹ́ nílé búrẹ́dì.

Ògiri yàrá ìyá àgbà ti lanu, ó kọjá ti aláǹgbá, ọwọ́ mi ń wọ ibẹ̀. Bàbá rẹ dí i, ó tún là. Ó wá fi sìmẹ́ńtì lẹ gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ojú rẹ̀. Ó ní bí gíláàsì bá fọ́, ilé ń rìn nìyẹn. Ó fọ́ láàárọ̀ àná.

Bàbá rẹ, birikila tó máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé àdúrà kì í mọ ilé, ó fọ irinṣẹ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú ògiri, ó ń ké pe Olúwa. Mo ní ká kó jáde. Ó ní, "Ká kó lọ síbo?"

Àdúrà yẹn ń bà mí lẹ́rù ju ògiri lọ, torí ó mọ ohun tó rí.

Jọ̀ọ́, bá wa wá yàrá kan, bó ti wù kó kéré. Ilé tìrẹ kò ní wó.

Òjò ti ṣú báyìí. Bàbá rẹ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti fi èjìká ti ògiri.

Èmi ìyá rẹ.