Kànga Bàbá Rẹ Kò Ní Dí

Níyìọlá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ wà? Gbogbo ará ilé ní Festac ń kí yín. Orúnkún ṣì ń dùn mí, àmọ́ ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi ń rìn lọ sọ́jà Agbójú.

Ọ̀rọ̀ kànga ló jẹ́ kí n kọ̀wé. O ní kí n dí i, kí n gbé mábù tó ní àwòrán bàbá rẹ lé e fún ìrántí ọdún kan. Mi ò dí i o. Mábù kì í fún èèyàn lómi. Ẹgbẹ́ àdúgbò ló bá mi kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀, wọ́n sì fi irin bò ó kí ọmọdé má bàa jìn sí i.

Lọ́jọ́ ìrántí, mo gbé garawa àkọ́kọ́ lọ fún Màmá Lilian nílé kejì, bí bàbá rẹ ti máa ń ṣe láràárọ̀. Ó ní, "Màmá, mo gbọ́ ìró garawa, mo rò pé Dádì ló dé." La bá bú sẹ́kún.

Má fowó mábù ránṣẹ́ mọ́. Ra okùn tó yi bọ̀, kí o wá pọn omi fún Màmá Lilian. Kì í ṣe pé agbára mi ti tán o. Ìwọ ni àrólé rẹ̀.

Olúwa á tù yín lára.

Èmi ìyá rẹ ni.