Ràmátù mọ ojú Ìyá Sàlámì

Mercredi (Ọjọ́rú), lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Inú mi dùn lónìí.

Oyún Ràmátù ò ju oṣù méje lọ tí mo fi bí i. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, síbẹ̀ maîtresse, olùkọ́ rẹ̀, ní bí ọmọ mìíràn bá ń sunkún, ẹ̀rín ló máa ń rín. Dókítà ní ó máa ń pẹ́ kí irú wọn tó mọ ìbànújẹ́ lójú ènìyàn.

Kò sí ilé-ìwé lónìí, ó tẹ̀lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi ní àdúgbò Treichville. Ìyá Sàlámì, oníbàárà mi, wá ra aṣọ. Wọ́n ń bá mi ṣàwàdà, iye tí mo kọ́kọ́ pè ni wọ́n sì san. Ràmátù lọ di ọwọ́ wọn mú.

"Màmá àgbà, kí ló dé tínú yín ò dùn?"

Kí n tó bá a wí, omi ti bọ́ lójú wọn. Àná ni àbígbẹ̀yìn wọn lọ sílé ọkọ ní ìlú Bouaké. Ilé wá dá páropáro.

Mo bi Ràmátù bó ṣe mọ̀.

"Wọn ò bá yín jà lórí owó lónìí."

Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń tajà fún wọn, síbẹ̀ èmi ò fura.

Ìyá Sàlámì rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé e lé itan. Àwọn méjèèjì ló jẹ àlókò mi, dòdò tí mo gbé wá, tán.