Tẹlifíṣọ̀n Tí Kò Lóhùn

Àbúrò mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà lókè òkun lọ́hùn-ún? Mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti ń gbọ́ oògùn. Aṣọ ń wọlé dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi.

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé gan-an nìyí: jọ̀ọ́, má ra tẹlifíṣọ̀n tuntun tó o ní o fẹ́ rà fún wa yẹn. Ti ṣọ́ọ̀bù kò lóhùn mọ́, àwòrán nìkan ló kù, àwa la wá ń gbẹnu sọ fún àwọn inú fíìmù. Màmá ló ni ẹnu ìyá ọkọ tó burú. Lánàá, ìyá náà ń lé ìyàwó ọmọ rẹ̀ síta, ó ń nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Màmá ní, "Ìyàwó mi, ti ilẹ̀kùn yẹn, kó o wá jẹun." Ẹ̀rín pa mí títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ mi.

O kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé fíìmù ló ń bá àwa èèyàn ronú. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò tíì dé ṣọ́ọ̀bù mi.

Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ yín. Owó tẹlifíṣọ̀n yẹn, fi wọ bàálù wálé. Ọmọ ìyá ọkọ yẹn tó wà lókè òkun ti dé ẹnu ọ̀nà nínú fíìmù, ó kàn ń la ẹnu lásán. Màmá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹnu sọ fún un. Wọ́n ní ìwọ ló ni ẹnu yẹn.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin.