Afinimọ̀nà Tó Kó Wa Wọ Agbo Ilé Wa

Sátidé, 11 Oṣù Kẹta, 1978

Inú ṣì ń bí mi títí di báyìí.

Àwa ará ọ́fíìsì la jọ fẹsẹ̀ rìn ká Ajah lónìí, kí afinimọ̀nà tí ọ̀gá wa háyà lè sọ ìtàn ìlú fún wa. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà máa sọ.

Ó ní igbó lásán ni gbogbo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé ẹnikẹ́ni ò gbé ibẹ̀ rí kí wọ́n tó la títì. Irọ́ ńlá!

Ó wá kó wa wọ agbo ilé wa. Màmá mi ń yan ẹja lọ́wọ́. Afinimọ̀nà náà ní kí Màmá tú gèlè, kí fọ́tò lè dáa.

"Má dán an wò! Ìyá mi nìyẹn!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ dúró tì wọ́n, kí n ya ẹ̀yin méjèèjì pọ̀."

Mo já kámẹ́rà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo yọ fíìmù, mo sọ ọ́ sínú iná ẹja. Ọ̀gá ń pariwo orúkọ mi. Kí wọ́n máa pariwo lọ.

Èmi ni Màmá ń wò. "Ṣé ìwọ lo kó wọn wá bá mi?"

Mo ní rárá o. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé mi ò tíì kúnlẹ̀ kí wọn.